Àlòkù Alága
"Baba Ìbùkún, táyà ẹ̀yìn yẹn ti jẹ tán, ẹ pààrọ̀ rẹ̀," ni Mojí, ìyàwó Láwọyin ọlọ́kadà, sọ kẹ́yìn fún ọkọ rẹ̀ kí òun tó kú. Oṣù kan lẹ́yìn ìsìnkú, Alága ẹgbẹ́ ọlọ́kadà kó táyà tuntun wá tà ní páàkì wọn: "Ọdún méjì ni táyà mi ń lò! Láwọyin, mo gbọ́ pé o ní kò lè lo oṣù mẹ́ta, àbí? Fi hàn wá kí oòrùn tó wọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, fi páàkì yìí sílẹ̀." Láwọyin wo ọ̀kadà Alága, táyà irú mìíràn ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó sì ti pẹ́ níbẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀. "Alága, màá ra tuntun méjì nínú táyà tí ẹ ń tà yìí fún ọ̀kadà yín. Àlòkù yín ni kí ẹ fún mi." Alága sáré dúró ti ọ̀kadà rẹ̀. "Tèmi kẹ̀? Má fọwọ́ kàn án!" "Háà, Alága, tuntun ọ̀fẹ́ lẹ kọ̀ yẹn o!" ni ẹnìkan kígbe, páàkì sì bú sẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó ra ẹyọ kan. Òjò ń ṣú bọ̀ bí Láwọyin ṣe gun ọ̀kadà rẹ̀ lọ sílé. Kò tíì fọ ìró Mojí. Kò tíì padà dé ibojì rẹ̀. Kò tíì pààrọ̀ táyà ẹ̀yìn.