Ihò Tí Akínlàjà Fi Sílẹ̀ Lórí Òrùlé Ààfin

Díẹ̀ ló kù kí Ìgbòwú tú pátápátá kí Akínlàjà tó gun òrùlé. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ogun òkèèrè ni. Àwọn ìlú tó yí wa ká kò tó bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Inú ààfin gan-an ni ìyọnu ti jáde. Olúgbòwú Adétìmẹ́yìn gorí ìtẹ́ ní ọ̀dọ́, kò sì fẹ́ gbọ́ ohùn àwọn ìjòyè mẹ́fà tó fi í jọba. Àwọn ìlàrí méjì ló gbọ́kàn lé, àwọn ìránṣẹ́ ọba tí wọ́n máa ń fá apá kan orí wọn: Kòsẹ́nibíọba àti Ọbalóyìí. Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ni abẹ gé. Wọ́n ń gba oko lọ́wọ́ olóko, wọ́n ń kó àwọn géńdé ìlú lọ ṣiṣẹ́ nínú oko ọ̀hún, wọ́n sì ń dá àwọn ìjòyè arúgbó dúró lẹ́nu ọ̀nà ààfin bí ẹni wá ṣagbe. Ní àdúgbò Ìsàlẹ̀-Ọ̀dàn nìkan, ilé mẹ́tàdínlógún ló ti dahoro, àwọn onílé sá wọgbó.

Akínlàjà ni Ọ̀dọ̀fin, olórí Ìsàlẹ̀-Ọ̀dàn. Akínlàjà, a-rìn-gbẹ̀rẹ̀-dójú-ìjà, a-dúró-má-yẹ̀, ọkùnrin gbọọrọ tí ń tẹrí ba kó tó lè wọ yàrá ara rẹ̀. Síbẹ̀, kì í ṣe oníjà rárá. Àwọn ìyàwó ilé máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí Ọ̀dọ̀fin bá fẹ́ lé adìyẹ kúrò nídìí àgbàdo, á kọ́kọ́ kí i ná. Ọ̀kan ṣoṣo ni àbúrò tí ìyá rẹ̀ bí tẹ̀lé e, Ọdẹ́yalé, ẹ̀yìn Akínlàjà ló sì ti dàgbà. Ọdẹ́yalé yìí ló kọ̀ láti lọ kọ ebè ní oko Kòsẹ́nibíọba. Wọ́n kó ṣẹkẹṣẹkẹ sí i lọ́wọ́, wọ́n tì í mọ́ ààfin, wọ́n sì kéde pé bí wọ́n bá ti bo ààfin tán lọ́dún náà, wọn yóò bẹ́ ẹ lórí lọ́jọ́ kejì. Ọ̀rọ̀ náà dun Akínlàjà wọ egungun. Kò lè jẹun mọ́.

Àṣà kan wà tí mo gbọ́dọ̀ là yé yín níhìn-ín. Koríko bẹẹrẹ ni wọ́n fi ń bo ààfin láyé ìgbà náà. Àdúgbò mẹ́fà ló pín òrùlé rẹ̀, kálukú sì ń pààrọ̀ koríko apá tirẹ̀ lọ́dọọdún kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá kó koríko wá, ọba fúnra rẹ̀ ni yóò jáde sí àgbàlá, tí yóò fọwọ́ kan ìdì àkọ́kọ́ àdúgbò kọ̀ọ̀kan, tí yóò ní, "Ẹ bò mí, èmi náà yóò bò yín." Bí kò bá tíì sọ bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í gòkè. Ọba Ìgbòwú kì í sì í wọ abẹ́ òrùlé tí àdúgbò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kò bá jọ bò. Òjò kò gbọdọ̀ pa á: bí ẹ̀kán kan bá kán sí i lórí, kì í ṣe ọba mọ́ nìyẹn.

Lọ́dún tí à ń wí yìí, ọba kò jáde. Kòsẹ́nibíọba ló jáde. Akínlàjà dọ̀bálẹ̀ gbalaja nídìí koríko rẹ̀, ó fẹ́ bẹ̀bẹ̀ fún àbúrò rẹ̀, ìlàrí náà sì gbẹ́sẹ̀ lé ìdì koríko Ìsàlẹ̀-Ọ̀dàn bí ẹni gbẹ́sẹ̀ lé àpótí.

Ó ní, "Kábíyèsí ń sinmi. Mo ti bá wọn gbà á. Ẹ gòkè, kí ẹ máa bo ilé."

Akínlàjà dìde, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò láyà. "Gbé ẹsẹ̀ rẹ kúrò."

"Bí n kò bá gbé e ńkọ́, Ọ̀dọ̀fin? Kí lo fẹ́ ṣe?"

Akínlàjà kẹ̀yìn sí i. Ó yíjú sí àwọn ìjòyè márùn-ún yòókù. "Ẹ̀yin àgbà Ìgbòwú, ẹ̀yin náà rí i. Látayé àwọn baba wa ni a ti ń bo ọba, tí ọba ń bò wá. Lónìí, ọba kò fọwọ́ kan koríko wa, ẹsẹ̀ ìránṣẹ́ ló fi ránṣẹ́ sí wa. Àwọn ọmọ wa ń kọ ebè fún ìlàrí, àbúrò tèmi wà nínú ṣẹkẹṣẹkẹ. Ta ló ń bò wá? Apá tèmi lókè yìí, èmi yóò tú u. Ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà kó dúró nílẹ̀, n kò ní bá a bínú." Ó fi àkàbà ti ògiri, ó gòkè.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa bẹẹrẹ àtijọ́ yọ, ó ń jù ú sílẹ̀. Ọbalóyìí pàṣẹ fún àwọn ẹ̀ṣọ́, ọfà kan sì wọ Akínlàjà nítan. Àwọn obìnrin figbe ta. Akínlàjà jókòó lórí igi òrùlé, ó ṣẹ́ igi ọfà náà, ó ń fa koríko lọ. Ọbalóyìí tún pàṣẹ. Ṣùgbọ́n ọmọ àdúgbò mẹ́fà náà ni àwọn ẹ̀ṣọ́. Tafàtafà wo baba rẹ̀ láàárín èrò, ó sì sọ ọrun rẹ̀ sílẹ̀. Ni Sàlọ́rọ̀, ìjòyè tó dàgbà jù, bá di àkàbà mú. Ó ní, "Ẹ tì mí sókè o jàre. Ìdí mi ló wúwo, ọkàn mi kò wúwo." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n tì í gòkè, gbogbo wọn sì tẹ̀ lé e. Kí oòrùn tó kan àtàrí, igi lásán ló kù lórí ààfin. Òjò sì ti ń ṣú bọ̀ láti ìlà oòrùn.

Ìgbà náà ni Adétìmẹ́yìn gbójú sókè, tó rí ọ̀run láti orí ìtẹ́ rẹ̀. Ó jáde tòun ti adé, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ọ̀dọ̀fin, ṣé ìtẹ́ mi lo fẹ́ gbà?"

"Kí adé pẹ́ lórí, Kábíyèsí. N kò fẹ́ ìtẹ́. Àbúrò mi ni mo fẹ́. Oko àwọn èèyàn mi ni mo fẹ́. Mo sì fẹ́ kí ẹ fọwọ́ ara yín kan koríko wa."

Ọba wo ẹ̀yìn, ó ń wá àwọn ìlàrí rẹ̀. Wọ́n ti gba ẹ̀yìnkùlé sá lọ. Ẹnubodè ni wọ́n ti mú wọn níkẹyìn, tí wọ́n lé wọn kúrò nílùú títí láé. Ọkàn ọba bàjẹ́. Ó ní, "Wọ́n sọ fún mi pé ẹ kò fẹ́ràn mi."

Akínlàjà ní, "A kò fẹ́ràn yín lónìí, Kábíyèsí. Ó lè yàtọ̀ lọ́la."

Wọ́n mú Ọdẹ́yalé jáde, wọ́n tú u sílẹ̀. Ọba bọ́ bàtà, ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan ìdì koríko tí ipa ẹsẹ̀ Kòsẹ́nibíọba ṣì hàn lára rẹ̀, ó sì sọ ọ̀rọ̀ náà jáde kí gbogbo ìlú gbọ́. Ni gbogbo wọn bá bá òjò sáré. Ọdẹ́yalé, tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì wú, ló ń na koríko sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nígbà tí òjò já lulẹ̀, ibi tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ló kù ní apá Ìsàlẹ̀-Ọ̀dàn. Wọ́n ní kí Akínlàjà dí i. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó wà." Omi ń kán sílẹ̀ ní ìṣísẹ̀ méjì sí iwájú ìtẹ́, ọba ń wò ó, kò sì sọ pé kí wọ́n dí i.

Akínlàjà tiro títí ó fi kú. Ilé mẹ́tàdínlógún náà kún padà. Páànù ló bo ààfin báyìí, ṣùgbọ́n ihò náà ń bẹ níbẹ̀. Ọba tuntun kò gbọdọ̀ gbọ́ "Kábíyèsí" lẹ́nu ẹnikẹ́ni ní Ìgbòwú títí òjò àkọ́rọ̀ yóò fi rọ̀, tí yóò bọ́ bàtà, tí yóò tẹ omi tó kán sílẹ̀ níwájú ìtẹ́. Akọ̀wé ààfin kan tilẹ̀ pe kápẹ́ńtà kó wá dí i rí. Kápẹ́ńtà náà gòkè, ó wò ó, ó béèrè apá àdúgbò tó jẹ́. Nígbà tí wọ́n sọ fún un, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ sílé. Ọmọ Ìsàlẹ̀-Ọ̀dàn ni.