Ẹnu Ìjàpá àti Baba Dúdú

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Fọlárìn, yọ nǹkan tó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ yẹn kí o tó dá mi lóhùn. Mo rí ọ! Àlọ́ mi kò já lé ọba, kò já lé ìjòyè. Ó já lé ẹnu Ìjàpá.

Ní ìgbà kan rí, àwọn ẹranko dá ilé ìwé sílẹ̀. Ìgalà ni tíṣà wọn. Ìyá Ọ̀kẹ́rẹ́ mú ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Àṣàbí, lọ síbẹ̀. Ẹ sì mọ̀ pé eyín ni ọkọ́ àti àdá Ọ̀kẹ́rẹ́. Òun ló fi ń fọ́ èkùrọ́ jẹ. Ọ̀kẹ́rẹ́ tí kò bá ní eyín, ebi ló máa pa á.

Ìjàpá, ọkọ Yánníbo, rí i pé gbogbo ọmọ ló ń gbé oúnjẹ dání. Itọ́ dà lẹ́nu rẹ̀. Ó fi omi àgbọn àti ṣúgà se baba dúdú, súìtì tó le bí òkúta, ó gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé. Kò gba owó o! Oúnjẹ ọ̀sán àwọn ọmọ ló ń gbà. Ó wá ń kọrin:

*Gbé àkàrà wá, gba baba dúdú!*
*Ẹnu mi rèé, kò dùn mí rí o!*

Ẹ gbè é, ẹ̀yin ọmọ: *Kò dùn mí rí o!*

Ìgalà ní, "Ìjàpá, ṣé èyí kò ní ba eyín àwọn ọmọ jẹ́?"

"Háà, Tíṣà! Láti kékeré ni mo ti ń lá a. Bí ẹ bá rí eyín kan tó jẹrà lẹ́nu mi, ẹ lé mi nílùú."

Ìwé pọ̀ lórí Ìgalà lóòótọ́, àmọ́ kò ní kí Ìjàpá yanu kí òun wò ó. Ó gbà.

Ìjàpá sanra títí igbá ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ má gbà á mọ́. Àwọn ọmọ ń fi ebi sùn lórí ìwé. Nígbà tó yá, Àṣàbí di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú. "Ìyá mi, ẹ gbà mí o, eyín mi!" Kò lè fọ́ èkùrọ́ mọ́. Ìyá rẹ̀ sunkún. "Bí mo bá kú, ta ni yóò máa fọ́ ọ fún un?"

Ní òwúrọ̀ Mọ́ńdè, nígbà tí wọ́n ń yẹ èékánná àti eyín àwọn ọmọ wò lórí ìlà, Ìyá Ọ̀kẹ́rẹ́ dé, òun pẹ̀lú ẹyọ èkùrọ́ kan lọ́wọ́. Kò pariwo rárá, ọ̀dọ̀ Ìjàpá lẹ́nu ọ̀nà ló lọ tààrà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi eyín yín tó dára yẹn bá mi fọ́ èyí."

Ìjàpá ń wo ilẹ̀. "Ẹ-ẹ̀n… mo ń gbààwẹ̀ ni."

"Ààwẹ̀ kẹ̀? Àkàrà ta ló wà létè yín?"

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Ìgalà ní, "Ìjàpá, bọ́ sórí ìlà. Yanu!"

Ìjàpá yanu. Yéè! Eyín kan ṣoṣo kò sí níbẹ̀! Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i ni kò ti ní in. Ẹni tí kò lórí, ṣé ẹ̀fọ́rí lè ṣe é?

Orin tirẹ̀ ni àwọn ọmọ fi lé e délé. Ojú ti Yánníbo, ó din àkàrà fún gbogbo wọn lọ́jọ́ náà, wọ́n sì jẹ àjẹyó. Àṣàbí ńkọ́? Orí yọ ọ́, eyín ọmọdé ló jẹrà. Ó bọ́, wọ́n jù ú sórí òrùlé, tuntun hù. Inú ìyá rẹ̀ dùn dé ẹ̀yìn.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹni tó bá ń ta nǹkan fún ọmọ yín, ẹ kọ́kọ́ wo ẹnu rẹ̀. Súìtì kò burú lọ́jọ́ ọdún, lẹ́yìn oúnjẹ. Ilé ìwé kọ́ ni àyè rẹ̀. Fọlárìn, lọ fọ eyín rẹ kí o tó sùn. Bí mo bá parọ́, kí eyín mẹ́ta tó kù lẹ́nu mi má lè fọ́ ẹ̀pà lọ́la.