Eérú Tí Abídogun Dà Sẹ́yìn Òkè

Abídogun, olórí àwọn ońṣẹ́ ní ìlú Òkè-Àsá, kò mọ bí a ṣe ń jókòó. Bó bá ń jẹun, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan á ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Bó bá dùbúlẹ̀, ojú rẹ̀ ló ń dì, etí rẹ̀ kì í sùn. Ìyàwó rẹ̀, Wúràọlá, tó jẹ́ agbẹ̀bí ìlú, máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí òun bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọkọ òun wà nílé, ibi tí ilẹ̀ bá ti ń dún kìtìkìtì ni òun á kọrí sí.

Iṣẹ́ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ọmọ sì wá dá kún un. Àwẹ̀ró, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, wà nílé ọkọ ní Ìjùwá, ní òdìkejì àfonífojì. Orí ìkúnlẹ̀ ni oyún rẹ̀ àkọ́kọ́ ti bàjẹ́, díẹ̀ ló sì kù kí òun náà bá a lọ. Ó ti tún lóyún báyìí, oyún ọ̀hún sì ti gbó. Wúràọlá ì bá ti lọ jókòó tì í, àmọ́ àwọn aboyún mìíràn wà ní Òkè-Àsá tó jẹ́ pé òun nìkan ni wọ́n gbójú lé. Wọ́n wá jọ ṣàdéhùn pé nígbà tí Àwẹ̀ró bá bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí, kó ya etí aṣọ ẹtù tí ìyá rẹ̀ fún un, kó fi ránṣẹ́ bí àrokò. Bí aṣọ náà bá ti dé, Wúràọlá á gbéra.

Láti Òkè-Àsá dé Ìjùwá, àgọ́ ońṣẹ́ wà lórí àwọn òkè, ọ̀kan ń wo èkejì. Láyé àwọn baba wọn, bí ońṣẹ́ bá fẹ́ gbéra ní àgọ́ kan, wọn á dáná, wọn á da ewé tútù lé e. Èéfín á rú, ẹni tó wà ní àgọ́ tó kàn á rí i, á di àmùrè, á máa retí iṣẹ́. Bí iṣẹ́ bá ti kọjá, wọn á pa iná. Abídogun ló yí i padà. Ó ní ìgbà tí wọ́n á fi ṣáná, ońṣẹ́ ì bá ti sáré jìnnà. Ó pàṣẹ pé kí iná má kú mọ́ ní àgọ́ kankan, kí iṣẹ́ kan má sì dúró de èkejì. Ì báà ṣe ọ̀rọ̀ ikú, ì báà ṣe ẹni tó kàn fẹ́ mọ̀ bóyá àna rẹ̀ jí dáadáa, ońṣẹ́ kan á dìde, á sáré tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Inú Kábíyèsí dùn sí i, nítorí ọba wo ni kò fẹ́ kí èsì dé kí òun tó pa ẹnu dé? Ṣùgbọ́n iná ń jẹ igi. Wọ́n gé igi ìtòsí àgọ́ tán, wọ́n bọ́ sí igbó etí òkè, níbi tí àràbà àti ìrókò ti ń dá ọyẹ́ dúró fún ìlú láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Àwọn náà wọ iná lọ. Eérú di òkìtì, wọ́n sì bi Abídogun léèrè ibi tí àwọn yóò dà á sí.

Ó ní, "Ẹ dà á sẹ́yìn òkè. Ta ló ń gbé ibẹ̀?"

Lóòótọ́, ẹnikẹ́ni ò gbé ibẹ̀. Àmọ́ nínú ìlú, aṣọ tí wọ́n bá sá ní funfun á gbẹ ní dúdú, ikọ́ ò sì jẹ́ kí àwọn arúgbó rí oorun sùn.

Ìgbà tó sú Ẹfúnyẹmí, ó gba ààfin lọ. Òun ni olórí àwọn obìnrin tó ń ru òwú gba ọ̀nà odò lọ sí ọjà Ìjùwá. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí. Ọrọọrún là ń lọ, tí à ń bọ̀. Wọ́n rán wa o, wọn ò rán wa o, a ó ṣáà lọ. Ẹ jẹ́ kí á máa kó àrokò tí kò kánjú jọ, kí á di ti àdúgbò kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí á fi í sínú agbọ̀n òwú. Ikú, ogun àti ìrọbí ni kí ońṣẹ́ máa sáré fún. Iná á sinmi, àwa náà á rí èémí mí."

Abídogun bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá, ṣé ẹ fẹ́ kí iṣẹ́ ọba máa jókòó lórí òṣùká ni? Kó máa dúró dè yín kí ẹ ná ata tán?"

"Tó bá dúró kí n ná ata, ṣé ó máa jẹrà ni?"

Àwọn ìjòyè rẹ́rìn-ín, Kábíyèsí náà rẹ́rìn-ín, wọ́n sì tú ká láìparí ọ̀rọ̀ náà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Wúràọlá ti ibi iṣẹ́ dé, kò lè jẹun. Ó ní, "Baba Àwẹ̀ró, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí iná yìí lọlẹ̀. Ọmọ tí mo gbẹ̀bí rẹ̀ lónìí, ó wúkọ́ kó tó ké."

"Ta lo rò pé mò ń dáná fún? Ọmọ rẹ náà ni! Bí mo bá pa iná, tí Àwẹ̀ró ránṣẹ́, tí iṣẹ́ ò tètè dé ńkọ́?"

 Inú ń bí Wúràọlá, àánú ọkọ rẹ̀ sì ń ṣe é, nítorí ó mọ̀ pé ẹ̀rù ló ń bà á.

Ìgbà tí ọyẹ́ dé, Abídogun ní kí gbogbo àgọ́ fi igi kún igi. Ó dúró létí òkè, ó ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń fọwọ́ nu ojú.

"Ẹ rí nǹkan?"

"Èéfín la rí, bàbá."

"Èéfín iṣẹ́ ni, àbí èéfín àná?"

Wọ́n wo ara wọn. Ta ló lè mọ̀ ọ́n? Ẹ gbọ́ mi bí ẹ bá ń gbọ́: ọkùnrin tó ń fi èéfín sọ̀rọ̀, ó tú èéfín títí tí èéfín ò fi lè sọ nǹkan kan mọ́! Ìwàǹwára yìí mà burú o.

Bó ṣe ń rìn káàkiri bẹ́ẹ̀ ni Ẹfúnyẹmí ṣáájú àwọn obìnrin tó ń ru òwú yọ láti ọ̀nà odò, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, agbọ̀n ṣì wà lórí rẹ̀. Ó fa aṣọ ẹtù tẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ.

"Wúràọlá dà? Àwẹ̀ró ti ń rọbí láti àárọ̀. Ó ya aṣọ kan fún ońṣẹ́, ó wojú òkè, kò rí òkè, ló bá ya èkejì fún wa. Èmi ò tilẹ̀ dúró ná ata."

"Irọ́ ni!" Abídogun pariwo. "Ońṣẹ́ mi ì bá ti ṣáájú yín dé!"

Wúràọlá ti gbọ́, ó ti sáré jáde, ó sì ti gbé àpò egbògi rẹ̀ kọ́ èjìká. Kò dúró bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó bá àwọn obìnrin náà sọ̀kalẹ̀ sí ọ̀nà odò.

Abídogun wo aṣọ náà. Bó bá jẹ́ òótọ́ ni, kí Àwẹ̀ró ṣáà mọ̀ pé ìyá òun ti ń bọ̀, kó fọkàn balẹ̀. Ó fẹ́ kí èéfín ńlá kan rú, kí ońṣẹ́ kan sì ṣáájú lọ sọ fún un. Ṣùgbọ́n eérú ti fún iná lọ́rùn, kò fẹ́ jó.

"Ẹ kó eérú yìí kúrò!"

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ rọlẹ̀ ná."

"Ọwọ́ yín falẹ̀ jù!" Ó já àpáàdì ńlá gbà, ó bù ú tògúnnátògúnná, ó sáré dé etí òkè, ó sì fi gbogbo agbára dà á sẹ́yìn òkè. Ọyẹ́ ń gòkè bọ̀ láti ibẹ̀ lákòókò náà gan-an. Àràbà ò sí níbẹ̀ mọ́ tí yóò dá a dúró, ìrókò ò sì sí. Eérú náà yí padà lójú ọ̀run, ó bo Abídogun lójú. Igbe tó ké, àwọn obìnrin tó wà lọ́nà odò gbọ́ ọ.

Kí oòrùn tó wọ̀, Àwẹ̀ró ti bí ọmọkùnrin. Ìwọ́ ló lọ́ mọ́ ọn lọ́rùn, ìdí tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Òjó nìyẹn. Ká ní ìyá àgbà rẹ̀ ò tètè dé ni, ẹkún là bá máa sun. Ońṣẹ́ ńkọ́? Ó ti sáré dé àgọ́ kejì, ó sì jókòó síbẹ̀ tòun taṣọ lọ́wọ́, nítorí ẹni tó yẹ kó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ò rí àmì kankan, ó ti lọ ṣẹ́gi fún iná.

Kábíyèsí ò rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n pa iná, wọ́n gbin igi sétí òkè, àrokò tí kò kánjú sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ agbọ̀n òwú lọ sí Ìjùwá. Bí mo bá rí mọ́tò ìfìwéránṣẹ́ òde òní tó gbé lẹ́tà kan ṣoṣo, tó ń tú èéfín dúdú kọjá lára mọ́tò mìíràn tó ń lọ síbi kan náà, Ẹfúnyẹmí ni mo máa ń rántí.

Nígbà tí Òjó dàgbà tó ẹni à ń gbé jáde, Àwẹ̀ró gbé e wá sí Òkè-Àsá. Abídogun jókòó jẹ́ẹ́ lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n gbé ọmọ lé e lẹ́sẹ̀. Ó fọwọ́ wá iwájú orí rẹ̀, ó fọwọ́ wá imú, ó fọwọ́ wá ẹnu.

"Ta ló jọ?"

"Ẹ̀yin ni, bàbá," Àwẹ̀ró dáhùn. "Kì í dúró sójú kan."

Abídogun rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀ tí kò ríran mọ́. Àwọn ará ilé bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọyẹ́ ré, pé òun ló fọ́ bàbá lójú. Ó na ọwọ́ sókè.

"Ẹ má bú ọyẹ́. Mo béèrè pé ta ló ń gbé ẹ̀yìn òkè. Èmi náà ni mò ń gbé ibẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn àgbà gbé yẹ̀ wò títí, ìdí sì nìyí tí wọ́n fi ń pa á lówe títí dòní pé ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀.