Àwẹ̀ró àti Orin Tí Kò Ní Elégbè

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi rìn títí, ó wọ inú igbó, ó bá Àwẹ̀ró, ọmọbìnrin Ọ̀kẹ́rẹ́, nílé ẹ̀kọ́ tí Odídẹrẹ́ dá sílẹ̀ fún ọmọ ẹranko.

Àṣà kan wà níbẹ̀. Bí ọdún bá parí, ọmọ kọ̀ọ̀kan á fi ohun tó kọ́ dá orin, ará ilé rẹ̀ á sì máa gbè é. Ẹni tó bá kọrin náà dópin ló ń tẹ̀ síwájú. Ìyá Àwẹ̀ró ló máa ń gbe tirẹ̀. Ẹ bá mi gbè é:

Mo mọ ewé tó ń woni sàn.
*Wí i, ọmọ wa, wí i.*
Mo mọ oṣù tójò ń dá.
*Wí i, ọmọ wa, wí i.*

Ìyá náà kú. Ọdún tún parí.

“Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá gbe orin mi lọ́la.”

“Ta ni yóò bá mi ṣa ẹyìn? Ṣé orin lo máa jẹ sùn ni?”

Ọ̀kẹ́rẹ́ dọ́gbọ́n. Ó bu ẹ̀kúrọ́ fún Ìjàpá. “Bá mi gbe orin ọmọ mi.”

“Ìyẹn nìkan? Ó ti parí!”

Ilẹ̀ mọ́, agbo kún fọ́fọ́. Àwẹ̀ró dìde:

Mo mọ ewé tó ń woni sàn…

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ dákẹ́. Ẹ má gbè é. Bó ṣe rí lọ́jọ́ náà nìyẹn.

Ìjàpá ń rún ẹ̀kúrọ́, kàrà, kàrà. Ẹnu rẹ̀ kún. “Mmm… mmm!” Ẹ̀rín bú yẹ́ẹ̀. Ọ̀bọ kígbe pé, “Àwẹ̀ró, àbí Ìjàpá ló bí ọ?”

Orin já mọ́ ọmọ náà lẹ́nu. Ó sá lọ sílé, kò sì padà.

Odídẹrẹ́ wá a lọ. “Ọmọ mi, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n tó ọ.”

“Ẹ má bínú, olùkọ́ wa. Bí mo bá ti ya ẹnu báyìí, ẹ̀rín ni mò ń gbọ́.”

Odídẹrẹ́ kọjú sí bàbá. “Ọ̀kẹ́rẹ́, ìwọ ni ojú rẹ̀ ń wá kiri nínú agbo.”

Ìgbà náà ni Ọ̀kẹ́rẹ́ tó kúnlẹ̀ níwájú ọmọ tó bí. “Àwẹ̀ró, dá a. Èmi fúnra mi ni n ó gbè é.”

Àwẹ̀ró ya ẹnu. Ó tún pa á dé. “Ẹ ṣeun, Bàbá. Orin náà kò sí níbẹ̀ mọ́.”

Ẹyìn kún ihò Ọ̀kẹ́rẹ́ dẹ́nu, ṣùgbọ́n ilé náà dákẹ́ rọ́rọ́.

Ibí ni àlọ́ mi sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ sí. Ó kọ́ wa pé oúnjẹ nìkan kò tó ọmọ tó ń kẹ́kọ̀ọ́. Ó fẹ́ rí ojú àwọn tirẹ̀. A lè bẹ ọ̀wẹ̀ fún iṣẹ́ oko. A kì í bẹ ọ̀wẹ̀ fún iṣẹ́ òbí.