Ọ̀mọlé Tó Di Atẹ́ní Ọba

Ládépò ti tẹ́ ẹní mẹ́jọ. Ó ń tẹ́ ìkẹsàn-án lọ́wọ́. Olórí àwọn ẹmẹ̀wà, ìránṣẹ́ ọba, dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń fi ọ̀pá tọ́ka sílẹ̀.

"Etí rẹ̀ wọ́. Fà á sọ́tùn-ún."

Ládépò fà á sọ́tùn-ún.

"Ó ti pọ̀ jù. Dá a padà díẹ̀."

Ó dá a padà. Láti ẹ̀yìn àgbàlá ló ti ń gbọ́ ohùn àwọn ọkùnrin tó ń gbé ìtí igi. Ó ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn obìnrin.

Àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ. Ọmọdé mọ òwe yìí, àgbà mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi wọ́n pé àtẹ́lẹwọ́ ta ni, wọn yóò dákẹ́. Ṣé ẹ̀yin mọ ìdí rẹ̀? Ọ̀dọ̀ Ládépò, ará ìlú Òkè-Amọ̀, ló ti wá, láàárọ̀ ọjọ́ tí ó ń tẹ́ ẹní kẹsàn-án yẹn. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn díẹ̀.

Wọn kò bí Ládépò sí ìdí ẹní títẹ́. Ọ̀mọlé ni. Ogún ọdún ó lé ló fi ń mọlé ní Òkè-Amọ̀, mẹ́wàá nínú rẹ̀ ló fi jẹ́ olórí àwọn ọ̀mọlé. Wọ́n ní aláǹgbá ìlú náà kò rílé gbé, nítorí pé ògiri Ládépò kì í lanu.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò ní awo nínú. Yóò mọ ìpele kan, yóò fi í sílẹ̀ fún oòrùn àti afẹ́fẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, yóò gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, yóò dijú. Ojú ògiri a máa purọ́. Bí ọyẹ́ bá fẹ́ lù ú, èèpo rẹ̀ a gbẹ, a sì funfun, nígbà tí inú rẹ̀ ṣì jẹ́ ẹrẹ̀. Ṣùgbọ́n ògiri tí omi wà nínú rẹ̀ a máa tutù, ìbáà ṣe ọ̀sán gangan. Bí ó bá tutù, Ládépò yóò ní, "Kò tíì tó." Ẹ̀bẹ̀ kò lè yí i padà. Onílé lè bínú, kó máa rìn lọ rìn bọ̀. Kò ní gbé ìpele mìíràn lé e.

Lọ́dún kan, olórí ẹmẹ̀wà wá sí ilé rẹ̀. Ó ní ọba fẹ́ fi í joyè, kí ó wá máa ṣiṣẹ́ láàfin. Ó ní gbogbo ògiri ààfin ni yóò máa bójú tó. Kò ní ru amọ̀ mọ́. Yóò máa wọ aṣọ funfun, àwọn ọ̀mọlé yòókù yóò sì máa dọ̀bálẹ̀ fún un.

Ẹ̀yìn ti ń ro Ládépò lákòókò náà. Ó gbà. Ó fi ipò olórí ọ̀mọlé sílẹ̀ fún Fáníyì, ẹni tó kọ́ níṣẹ́, ó sì wọ ààfin.

Ìgbà tó débẹ̀ ló tó gbọ́ orúkọ oyè náà. Atẹ́ní. Láràárọ̀, kí àwọn ìjòyè tó dé, yóò tẹ́ ẹní mẹ́rìndínlógún. Nírọ̀lẹ́, yóò ká wọn. Èèwọ̀ kan ṣoṣo ló bá oyè náà rìn: ọwọ́ tó ń tẹ́ ẹní ọba kò gbọdọ̀ kan amọ̀.

Ó bi olórí ẹmẹ̀wà léèrè ọ̀rọ̀ ògiri.

"Ògiri wo?" ni ìyẹn wí. "Ṣé ògiri ń sá lọ ni, tí o fẹ́ máa ṣọ́ ọ?"

Báyìí ni Ládépò bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ẹní. Iṣẹ́ náà kò le. Kí oòrùn tó ta, ó ti parí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kò sí ohun tó kù ju kó jókòó títí di ìrọ̀lẹ́. Ara rẹ̀ kò lélẹ̀. Yóò jókòó, yóò dìde. Yóò fi ẹsẹ̀ wọn àgbàlá láti ìkángun dé ìkángun, yóò gbàgbé iye rẹ̀, yóò tún un wọ̀n. Ó mọ gbogbo ibi tí ògiri ààfin ti fẹ́ lanu. Ó sọ ọ́ fún olórí ẹmẹ̀wà lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n ní kó máa wo ẹní rẹ̀.

Nílé, tí wọ́n bá gbé oúnjẹ sí i níwájú, yóò máa fi ìka mọ iyán yí etí àwo ká, kò ní jẹ ẹ́. Àyọ̀ká ìyàwó rẹ̀ yóò wò ó títí.

"Baba Ìyíọlá, iyán ni mo gún o. N kò po amọ̀. Ẹ jẹ ẹ́."

"Mo ṣìnà, Àyọ̀ká."

"Ẹ lọ sọ fún ọba."

"Wọn kì í dá oyè padà."

"Ẹ jẹun nígbà náà."

Ọdún méjì kọjá bẹ́ẹ̀. Èépá tó wà ní àtẹ́lẹwọ́ Ládépò bó kúrò díẹ̀díẹ̀, awọ tuntun yọ lábẹ́ rẹ̀. Ìjókòó kọ́ ló ń bà á lẹ́rù jù mọ́. Ó ń bẹ̀rù pé ọwọ́ òun ti gbàgbé. Bí ọwọ́ bá sì gbàgbé, kò sí ẹni tí òun jẹ́ mọ́, àfi ẹni tó ń tẹ́ ẹní.

Lóṣù ọyẹ́, ìròyìn dé pé ọba ìlú kan ń bọ̀ wá kí ọba Òkè-Amọ̀. Wọ́n fẹ́ kọ́ gbọ̀ngàn tuntun sẹ́yìn àgbàlá kí àlejò náà tó dé. Fáníyì ni wọ́n pè. Fáníyì mọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kò tó, ààfin sì ń kán an lójú. Kò sí ẹni tó pe Ládépò sí i.

Ògiri náà ga dé ìpele kẹfà. Ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú èyí tí wọn yóò gbé igi òrùlé lé e, Ládépò ń gba ibẹ̀ kọjá. Àwọn ọ̀mọlé ti lọ jẹun. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó na ọwọ́.

Ògiri náà tutù.

Ó yọ ọwọ́ kúrò bí ẹni tí iná jó. Ó sún síwájú, ó tún kàn án níbòmíràn. Ó tutù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé bóyá ọwọ́ òun ni. Ọwọ́ tó ti rọ̀, ṣé kì í ṣe gbogbo nǹkan ni yóò máa tutù sí i? Ó rìn lọ sí ìdí ògiri àtijọ́ kan tí òun fúnra rẹ̀ mọ nígbà èwe. Ó kàn án. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ó padà sílé, kò lè jókòó. Ó rò fún Àyọ̀ká.

"Ọ̀la la ó rẹ́ ẹ," ni Àyọ̀ká wí. "Ogún obìnrin ni wọ́n pè. Mo wà lára wọn. Àwa ó máa rẹ́ ìsàlẹ̀, àwọn ọkùnrin ó máa gbé igi lé òkè."

"Má lọ. Ògiri tí inú rẹ̀ tutù kò lè ru igi."

"Kí n wí pé kí ni? Pé atẹ́ní ọba ló ní kí n má lọ rẹ́ ògiri?"

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe èébú, ṣùgbọ́n ó wọ Ládépò lára ju èébú lọ.

Ilẹ̀ mọ́. Àyọ̀ká gbé igbá rẹ̀, ó lọ. Ládépò náà lọ sí ìdí ẹní rẹ̀. Ó tẹ́ àkọ́kọ́, ó tẹ́ ìkejì. Nígbà tó di ìkẹsàn-án, ó gbọ́ ohùn kan láti ẹ̀yìn àgbàlá: "Ẹ gbé e lé èjìká! Ó di òkè!"

Ó ju ẹní sílẹ̀.

"Níbo lò ń lọ?" ni olórí ẹmẹ̀wà wí. "Ládépò! Ẹní kù!"

Ó ti ń sáré.

Àwọn obìnrin tò sí ìdí ògiri bí wọ́n ti máa ń tò, wọ́n ń fi ọwọ́ rẹ́ ẹ, wọ́n ń bú ara wọn ṣeré. Àyọ̀ká wà láàárín. Ọkùnrin mẹ́fà gbé ìtí àkọ́kọ́ lé èjìká, wọ́n ń bọ̀. Fáníyì jókòó sórí ògiri, ó ń júwe fún wọn.

"Ẹ sọ igi yẹn kalẹ̀!" ni Ládépò kígbe.

Wọ́n dúró. Fáníyì bọ́ sílẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Baba Atẹ́ní. Ṣé ẹní kan ló sọnù ni?"

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín.

"Fáníyì, inú ògiri yìí kò gbẹ."

"Ó gbẹ, Baba. Mo fọwọ́ kàn án. Olórí ẹmẹ̀wà náà fọwọ́ kàn án lánàá."

"Ọjọ́ mélòó lo fi sáàárín ìkẹrin àti ìkarùn-ún?"

Fáníyì fa ọwọ́ Ládépò, ó ṣí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fún gbogbo èèyàn wò. Ó rọ̀, ó ń dán.

"Ẹ wá wò ó o! Ọwọ́ ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé! Ọwọ́ yìí ló fẹ́ kọ́ mi ní amọ̀!"

Ẹ̀rín sọ. Àyọ̀ká kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ojú ọkọ rẹ̀. Ó gbé igbá rẹ̀ kalẹ̀, ó rìn kúrò ní ìdí ògiri. Àwọn obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wo ara wọn.

Ariwo náà mú ọba jáde. Olórí ẹmẹ̀wà rò ó fún un, ó sì fi ẹní tó kù kún un. Ọba tẹ́tí sílẹ̀ títí ìyẹn fi parí.

"Ládépò," ni ọba wí, "bí o bá fọwọ́ kan ògiri yìí níṣojú wa, oyè rẹ lọ. O mọ ìyẹn."

"Mo mọ̀ ọ́n, Kábíyèsí."

"Bí o bá sì kàn án, tó jẹ́ pé ó gbẹ, o ti ba ojú ẹni tó gba ipò rẹ jẹ́. O kò ní mọlé mọ́ ní ìlú yìí."

"Mo gbọ́, Kábíyèsí."

Ládépò wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó dà bí ọwọ́ ẹlòmíràn lójú rẹ̀. Bí ó bá ṣì í, ẹní lọ, amọ̀ lọ. Bí ó bá sì padà sídìí ẹní báyìí, kò sí ẹni tí yóò bi í léèrè nǹkan kan títí ayé. Ó rántí pé ògiri náà tutù. Kò rántí ohun mìíràn.

Ó bọ́ aṣọ funfun náà, ó ká a, ó gbé e fún olórí ẹmẹ̀wà. Ó lọ sí ìdí ògiri, ó fi èékánná họ ibi tí ìpele kẹrin àti ìkarùn-ún ti pàdé. Èèpo gbígbẹ náà ṣí. Ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ọwọ́ náà wọlé dé ọrùn ọwọ́. Ó tì í sí i. Ó wọlé dé ìgúnpá.

Nígbà tó fà á jáde, ẹrẹ̀ ń kán láti ìka rẹ̀. Ó bu ìkúnwọ́ kan, ó gbé e lé Fáníyì lọ́wọ́.

"Gbà."

Àwọn tó ru igi fi ẹ̀yìn rìn kúrò níbẹ̀. Àwọn obìnrin ti sá jìnnà.

"Ọwọ́ méjì kan ògiri yìí, wọ́n ní ó gbẹ," ni ọba wí. "Ta ló sọ fún ọ pé kò gbẹ?"

"Kábíyèsí, ọwọ́ mi ni. Èmi gan-an rò pé ó ti kú. Ṣùgbọ́n àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ."

Ọba mi orí. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ládépò níṣojú gbogbo wọn. Lẹ́yìn náà, ó gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí èèwọ̀ ni èèwọ̀ ń jẹ́. Ẹlòmíràn ló tẹ́ ẹní tó kù láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Ipò olórí ọ̀mọlé kò sì padà sọ́wọ́ Ládépò. Àwọn ọ̀mọlé Òkè-Amọ̀ kì í gba ipò lọ́wọ́ ẹni tó wà láàyè, àfi bí òun fúnra rẹ̀ bá fi í sílẹ̀. Fáníyì ṣì dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ẹrẹ̀ lọ́wọ́, kò lè gbójú sókè, nígbà tí Ládépò tọ̀ ọ́ wá.

"Ṣé o lè gbà mí síṣẹ́?"

"Baba, níbo ni kí n fi yín sí?"

"Kòtò amọ̀. Wọn kò tíì po ti òní."

Fáníyì fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Ládépò ti kọjá lára rẹ̀. Ó ká ṣòkòtò sókè, ó wọ inú kòtò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ po amọ̀.

Ìdí nìyí tí àgbà fi ń sọ pé àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ. Wọ́n ń sọ ọ́ fún ẹni tó fẹ́ fi iṣẹ́ tó mọ̀ sílẹ̀ nítorí ibi ìjókòó. Wọ́n sì ń sọ ọ́ fún ẹni tí gbogbo ayé ń sọ fún pé ohun tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọn kì í fi í ṣèlérí ọrọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ládépò kò di olórí mọ́ títí tó fi kú, ẹ̀yìn sì ń ro ó títí dé òpin. Wọ́n wó ògiri gbọ̀ngàn náà lulẹ̀ dé ìpele kẹta, wọ́n dúró kí ó gbẹ, wọ́n sì tún un mọ. Gbọ̀ngàn náà ti lọ báyìí. Ìpele mẹ́ta ìsàlẹ̀ yẹn ló kù.