Ìbọn Tí Kò Ṣí Fìlà

"Ìbọn tí kò ṣí fìlà, ẹni tó gbé e ni yóò kí." Ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà, àbí? Ṣùgbọ́n orí wo ni ìbọn ní tó fi ń dé fìlà? Ẹnu wo ló fi ń kí ènìyàn? Ẹ fara balẹ̀, nítorí ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí kò fara balẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i.

Ọdẹ́gbàmí ni, ọdẹ ìlú Àjàlákọ̀. Bó bá jókòó, àga á máa gbọ̀n. Olúọdẹ ìlú kú, ọba sì kéde pé ọdẹ tí ìbọn rẹ̀ bá kí òun dáadáa jù lòun yóò fi joyè náà. Kíá, Ọdẹ́gbàmí gun àjà, ó fa ṣakabùlà baba ńlá rẹ̀ jáde. Igi rúbútú kan tí wọ́n fi idẹ bò lórí ń bẹ lẹ́nu rẹ̀. Kò rí irú rẹ̀ rí.

"Ìyá Àgbà, kí lèyí?"

"Fìlà ìbọn ni," ni ìyá baba rẹ̀ wí. "Òun ni kì í jẹ́ kí òjò..."

Ọmọkùnrin ti dé ìta! Fìlà ló gbọ́, kò dúró gbọ́ òjò. Ó yọ ọ́, ó rọ ẹ̀tù tó lè wó òkè sínú ìbọn, ó sì tún fi fìlà dé e pinpin.

Níwájú ààfin, gbogbo ọdẹ ṣí fìlà fún ọba. Látúnjí, ẹgbẹ́ rẹ̀, tajú kán rí ẹnu ìbọn.

"Ọdẹ́gbàmí, yọ nǹkan yẹn!"

"Fìlà rẹ̀ ni."

"Ṣí i náà!"

"Fún ta ni? Èmi ti ṣí tèmi. Ìbọn yìí dàgbà ju baba ọba lọ. Níbo lo ti rí àgbà tó ń ṣí fìlà fún ọmọdé?"

"O ó kú o!"

"Ìlara ló ń pa ọ́. Sún sẹ́yìn!"

Látúnjí kò sún, ó fò bọ́ sẹ́yìn ògiri. Ọdẹ́gbàmí yìnbọn.

GBÒÒÒ! Adìẹ ìlú kẹta yé ẹyin sísè. Fìlà ò mira; ìdí ìbọn ló là bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Nígbà tí èéfín yóò fi ká, Ọdẹ́gbàmí ti nà gbọọrọ, kò ní irùngbọ̀n, kò ní irun ojú, àtàǹpàkò ọ̀tún rẹ̀ sì ti di àwátì.

Ọba yọjú. "Èmi ò gbọ́ ìkíni o. Ta ni ìbọn yẹn kí?"

"Kábíyèsí," ni Látúnjí wí, ó ń gbọn erùpẹ̀ ara rẹ̀, "ẹni tó gbé e ló kí."

Ọdẹ́gbàmí yè é, ṣùgbọ́n kí ni yóò fi yìnbọn mọ́? Oko ẹ̀gẹ́ ló ń ro títí ó fi kú. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ nǹkan, tí kò dúró gbọ́ iṣẹ́ rẹ̀, ẹ rọra sọ fún un: ìbọn tí kò ṣí fìlà, ẹni tó gbé e ni yóò kí.