Bí Ìyá Òkété Ṣe Dé Akẹtẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ, àlọ́ o!
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi balẹ̀ gbì sẹ́nu ihò Ìyá Òkété. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti dàgbà, wọ́n ti lọ, ilé wá dá páropáro. Ló bá ń jókòó síta láràárọ̀, ó ń wo ẹyẹ ẹ̀ga tó ń fi imọ̀ ọ̀pẹ hun ilé. Bó ṣe ń wò ó, ọkàn rẹ̀ ń fúyẹ́. Òun náà já imọ̀, ó ń hun agbọ̀n, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Ẹ̀ga, kọ́ mi ní híhun,
Wín-ín-rín!
Ilé mi dá, ọwọ́ mi ò dilẹ̀,
Wín-ín-rín!

Agbọ̀n kìíní tú. Èkejì wọ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin tí okùn ewúrẹ́ yín ń tú lójoojúmọ́! Ẹ̀kẹta dára, àmọ́ ó so ó kọ́ igi bíi ti ẹ̀ga gẹ́lẹ́, ó dojú rẹ̀ kọlẹ̀. Gbogbo ẹyìn tó ń kó sí i ń já lù ú lórí.

Ehoro, aládùúgbò rẹ̀, rẹ́rìn-ín títí ó fi ṣubú. Ojú ti Ìyá Òkété, ló bá já agbọ̀n, ó fi bo orí. Áà! Oòrùn ò pa á mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, Ehoro yọ́ wá. "Ìyá Òkété, ẹ jọ̀ọ́, ẹ hun akẹtẹ̀ fún èmi náà. Ẹ dá ihò méjì sí i, nítorí etí mi."

Ìyá Òkété sún fún un. "Jókòó tì mí. Ẹ̀ga lọ̀gá mi. Jẹ́ ká máa wò ó, bóyá yóò hun ilé ẹlẹ́tí gígùn lónìí."